Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n fi pa á?

Àsàlámù àlékùn, ẹ̀yin mùmíní. Ẹ kú Jímọ̀ o.

Nínú Súrátù Takwíìr, Ọlọ́hun sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò ká oòrùn jọ, tí ìràwọ̀ yóò já bọ́. Láàárín rúkèrúdò yẹn, ọmọbìnrin kan tí wọ́n sin láàyè ni wọn yóò bi léèrè: ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n fi pa á? Ẹ wò ó dáadáa. Wọn ò tíì kọjú sí apànìyàn. Ẹni tí wọ́n pa ni wọ́n kọ́kọ́ fún láyè ọ̀rọ̀.

Áyà yìí máa ń gbé mi padà sí ayé Abacha. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996 ni wọ́n yìnbọn pa Àlhájà Kúdírátù Abíọ́lá nínú mọ́tò rẹ̀ l'Ékòó, nígbà tí ọkọ rẹ̀, M.K.O. Abíọ́lá, ṣì wà látìmọ́lé nítorí ìbò June 12, 1993 tó wọlé, tí ìjọba ológun fagi lé. Àwọn tó sá fún Abacha lọ sókè òkun wá sọ rédíò wọn ní Rédíò Kúdírátù. Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, bàbá mi a ti ilẹ̀kùn, a gbé rédíò sétí, a sì kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ yẹn lọ́jà Akẹ̀sán. Ọmọdé ni mí. Mo rò pé orúkọ obìnrin náà ni èèwọ̀! Ohun tí ìjọba ológun ń wá gan-an nìyẹn: kí wọ́n pa ẹnì kan, kí ẹnu gbogbo ìlú wọhò.

Sójà lọ. Ìgbìmọ̀ Oputa, tó wádìí ìwà ìkà ayé ológun, jókòó, àwọn èèyàn sunkún níbẹ̀. Ìjọba ò tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ní 2012, kóòtù Èkó dájọ́ ikú fún ẹni méjì lórí ọ̀rọ̀ Àlhájà. Ní 2013, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ní 2018, wọ́n kéde June 12 ní ọjọ́ ìjọba àwa-ara-wa. Ó dáa. Àmọ́ ọlidé kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀.

Awakọ̀ Àlhájà náà bá ìbọn ọjọ́ yẹn lọ. Iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní mọ́sáláásí, ẹnu yà wọ́n pé ẹnì kejì tilẹ̀ wà. Súrátù Máídà ní ẹni tó bá pa ẹ̀mí kan láìtọ́, bí ẹni pa gbogbo ènìyàn ni. Kò ní ẹ̀mí olókìkí nìkan.

Lẹ́yìn sàlámà lónìí, Fátíhà mẹ́ta la ó kà: ti Àlhájà, ti awakọ̀ rẹ̀, àti ti àwọn tí sójà yìnbọn pa nígboro Èkó ní 1993 nígbà tí wọ́n ń fẹ̀hónú hàn lórí ìbò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ti awakọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà.