Ìgèrè Òkúta Àwọn Gunditjmara

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mo bá pe "ọmọ onílẹ̀" lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rántí àwọn tó ń wá gbowó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ yín. Àwọn Gunditjmara ni mò ń sọ, ọmọ onílẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Victoria, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà.

Orí ẹja ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé. Òkè ayọnáyèéfín kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Budj Bim. Láyé ọjọ́un, òkúta yíyọ́ tú jáde nínú ẹ̀, ó ṣàn títí dé etí òkun, ó sì dínà mọ́ omi, ni irà àti adágún bá gba ibẹ̀ kan. Àwọn Gunditjmara ṣa òkúta yẹn jọ, wọ́n fi mọ ògiri kúkúrú, wọ́n gbẹ́ ojú ìṣàn, omi wá ń gba ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó gbà. Ẹja kan tó gùn bí ejò, kooyang lorúkọ ẹ̀ lẹ́nu wọn, á bá omi wọlé, wọ́n á sì dá a dúró síbẹ̀ kó sanra. Nígbà tó bá ń padà sókun lọ yéyin, ó ti bá ìgèrè pàdé ní àlàfo tí wọ́n dá sí ara ògiri. Koríko ni wọ́n fi ń hun ún: ẹnu ẹ̀ fẹ̀, ìdí ẹ̀ há, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè gbabẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí yẹn ni apẹja ń dúró sí, tó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ti yẹ iṣẹ́ ògiri àti ojú ìṣàn yìí wò, ó kéré tán, ó ti tó 6,600 ọdún.

Ilẹ̀ yìí ni òfin òyìnbó wá kà sí ilẹ̀ tí kò lólúwa, títí di ọdún 1992 tí ẹjọ́ Mabo, èyí tí ọmọ onílẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mabo pè ta ko ìjọba, dá èrò yẹn nù.

Àwọn Gunditjmara jà fún ilẹ̀ náà láàárín 1840 sí 1850, apá wọn ò ká ìbọn. Òyìnbó kó ọ̀pọ̀ wọn sí míṣọ́n ní Lake Condah lọ́dún 1867. Adágún náà gan-an, Tae Rak, òyìnbó wa kòtò fà á gbẹ kí ẹran ọ̀sìn lè ríbi jẹko. Gbígbẹ yìí ló dùn mí jù. Ìgèrè wo lèèyàn fẹ́ dẹ sórí iyàngbẹ ilẹ̀?

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ilé iṣẹ́ Alcoa kọ́ ilé ìyọ́ alumíníọ̀mù sí Portland, ìlú kan ní agbègbè wọn, obìnrin Gunditjmara méjì, Sandra Onus àti Christina Frankland, gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí àwọn ohun àjogúnbá tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ní kí ló kàn wọ́n níbẹ̀. Lọ́dún 1981, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ó kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n, àwọn ni alágbàtọ́. Wọ́n ṣáà kọ́ ilé iṣẹ́ yẹn o. Àmọ́ ibi àdéhùn tó tẹ̀lé e ni ilẹ̀ míṣọ́n ti padà sọ́wọ́ wọn lọ́dún 1987.

Nígbà tó di 2007, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ gbà pé ẹ̀tọ́ wọn ṣì wà lórí nǹkan bí 140,000 hẹ́kítà. Ṣùgbọ́n òfin ní ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ló gbọ́dọ̀ di ẹ̀tọ́ náà mú. Ìyẹn ni Gunditj Mirring. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ẹni tó ti wà kí ìjọba tó dé ló ń gbàwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba! Síbẹ̀, ìwé yẹn ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n fi ń jókòó pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ lórí ọgbà Budj Bim. Ẹgbẹ́ kejì, Winda-Mara, ló ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń tu èpò, tó sì ń bójú tó ògiri. Lọ́dún 2010, wọ́n mọ ìdídò sí Tae Rak, omi padà dé.

Ọdún 2019 ni UNESCO fi Budj Bim sí àkójọ Ogún Àgbáyé, níbi tí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà láti 2005. Òun ni ibi àkọ́kọ́ ní Ọsirélíà tó wọ àkójọ yẹn kìkì nítorí àṣà àwọn ọmọ onílẹ̀.

Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, iná sọ níbẹ̀. Nígbà tí ó kú, tí koríko gíga ti jóná tán, ojú ìṣàn kan yọ láàárín eérú, ó gùn tó nǹkan bí mítà 25. Àwọn fúnra wọn ti ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tipẹ́tipẹ́.