Ẹlẹ́rìí Tí Kò Parọ́: Eléré Ìdárayá àti Ọjà Ìlera Tí Kò Ní Ẹ̀rí

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí pápá kì í sú. Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ kí ẹnì kan dìde nínú yín. Kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kó na apá méjèèjì síta. Màá fi ìka méjì tẹ apá rẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀. Ẹ rí i, ó ti ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó yá, màá fi rọ́bà lásán, irú èyí tí wọ́n fi ń di owó, sí i lọ́rùn ọwọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó dúró gbọin-gbọin.

Ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, àmọ́ kò sí oògùn níbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, mo ń tẹ apá náà wálẹ̀, mo sì ń fà á síta díẹ̀, tí ìwúwo ara rẹ̀ fi kúrò lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó fi dúró. Nígbà kejì, mo darí agbára ọwọ́ mi sínú, síhà ẹsẹ̀ yẹn gan-an. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú kì í tètè rí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tó ń bọ̀ nígbà kejì, iṣan rẹ̀ ti múra dè é. Ẹ sì tún fi sọ́kàn pé ẹni tó ń ṣe àṣehàn lè máà mọ̀ pé òun ń yí ọwọ́ padà. Ó lè jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ló ń darí ìka rẹ̀.

Irú àṣehàn yìí ni wọ́n fi ta ẹ̀gbà ọwọ́ kan tó ń jẹ́ Power Balance káàkiri ayé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Troy àti Josh Rodarmel, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní California lọ́dún 2007. Sílíkóònù lásán ni. Wọ́n wá lẹ hólógíráàmù pélébé mọ́ ọn, irú ohun tó ń dán yinrin lára káàdì bánkì yẹn, wọ́n sì ń tà á ní nǹkan bíi dọ́là 30. Wọ́n ní hólógíráàmù náà ń bá agbára àdánidá inú ara ṣiṣẹ́ pọ̀, pé ó ń fún ènìyàn ní okun, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í yẹ̀. Bó bá jẹ́ òǹdè ni bàbá kan láti Ìjẹ̀bú gbé jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, ìgbàgbọ́ asán ni wọn ì bá pè é. Ti California yìí, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CNBC fi í ṣe ọjà eré ìdárayá tó ta yọ jù lọ lọ́dún 2010.

Ẹni tó polówó rẹ̀ jù ni Shaquille O'Neal, àgbà òṣèré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ọkùnrin tó ga ju mítà méjì lọ dáadáa. Ó ní òun kì í sábà jẹ́rìí sí ọjà, àmọ́ èyí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, pé ẹnì kan ló ṣe àṣehàn náà lára òun. Èmi gbà á gbọ́. Mi ò rò pé ó parọ́ rárá.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí. Tí ọ̀rọ̀ báyìí bá dé, ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń sọ ni pé gbajúmọ̀ náà ti gba owó, ó ti purọ́. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba owó tó sì parọ́ kò nira láti mú. Ó pẹ́, ó yá, ojú rẹ̀ á yẹ̀. Eléré tó gbàgbọ́ tọkàntọkàn ló le. Ara rẹ̀ lóòótọ́ ló sọ fún un pé nǹkan ṣẹlẹ̀, ara yẹn sì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Àwọn àgbà ní ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, ta ló wá fẹ́ bá Shaquille O'Neal jiyàn lórí ohun tí ara rẹ̀ sọ fún un?

Ọ̀jọ̀gbọ́n John Porcari àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Wisconsin, La Crosse, kò bá a jiyàn. Wọ́n kó eléré ìdárayá 42 jọ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì dán bí ara wọn ṣe ń tẹ̀ sí, bí wọ́n ṣe lè dúró láì mì, bí wọ́n ṣe lágbára tó àti bí wọ́n ṣe lè fò sókè tó wò. Olúkúlùkù wọn wọ ẹ̀gbà Power Balance nígbà kan, ó wọ rọ́bà ọgbọ̀n sẹ́ǹtì nígbà kejì, kò sì mọ èwo ni èwo. Èsì ẹ̀gbà méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ohun tó yàtọ̀ ni pé wọ́n ṣe dáadáa sí i nínú púpọ̀ lára ìdánwò náà nígbà kejì, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbà olówó ńlá ni wọ́n fi sí ìgbẹ̀yìn, ìbáà jẹ́ ti ọgbọ̀n sẹ́ǹtì. Àwọn tó ń ta ẹ̀gbà náà sì rèé, ìgbà kejì ni wọ́n máa ń fi í sí ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ ò rí wọn lọ́jà kankan kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀gbà sí i, kí wọ́n tó wá yọ ọ́.

Oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Ọsirélíà, ACCC, mú kí ẹ̀ka ilé iṣẹ́ náà níbẹ̀ gbà ní gbangba pé kò sí ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì kan tó ṣeé gbára lé fún ohun tí àwọn ń sọ, pé àwọn ṣi aráàlú lọ́nà. Wọ́n ní kí wọ́n dá owó padà fún ẹni tó bá béèrè. Ítálì náà bu owó ìtanràn lé wọn. Ẹ wá gbọ́ o: lóṣù Kẹta ọdún 2011, lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ yẹn, pápá ìṣeré ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Sacramento Kings di Power Balance Pavilion. Orúkọ náà wà lókè ilé lẹ́tà gàdàgbà. Kí ọdún náà tó parí, àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ti gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù, owó tí wọ́n fẹnu kò lé lórí tó mílíọ̀nù 57 dọ́là, gbèsè sì bo ilé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ lóṣù Kọkànlá.

Ẹ ó bi mí pé, òfin ńkọ́ fún eléré tó polówó? Ẹjọ́ Steve Garvey ni mo máa ń fi dáhùn. Ó ti gbá baseball fún Los Angeles Dodgers títí orúkọ rẹ̀ fi di ìlú mọ̀ọ́ká. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó polówó oògùn kan lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n pè ní Fat Trapper. Èèpo ẹran omi bíi edé àti akàn ni wọ́n ti ń rí èròjà rẹ̀, wọ́n sì ní yóò dí ọ̀rá mọ́nú kó má bàa wọ ara, pé ènìyàn lè máa jẹ adìyẹ díndín àti píísà kó má sì sanra. Àjọ FTC ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tó ń ṣọ́ ìpolówó ẹ̀tàn, mú ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn Enforma, lọ́dún 2000, wọ́n san mílíọ̀nù 10 dọ́là. FTC wá yíjú sí Garvey. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dún 2004, Garvey sì já gbà. Kí ló gbà á sílẹ̀? Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti lò ó kó tó polówó rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fọn sí i. Ilé ẹjọ́ ní ohun tó mọ̀ tó fún un láti gbà gbọ́.

Ẹjọ́ yẹn dára lójú òfin, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n nílé. Ẹni tó bá ń múra láti polówó oògùn ìfọn, ó máa ń ṣọ́ ẹnu jẹ, ó máa ń rìn, ó mọ̀ pé kámẹ́rà ń bọ̀. Oògùn ló máa gba ọpẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìrora náà rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tó bá le jù ni ènìyàn ń wá ohun tuntun kiri, lẹ́yìn ọjọ́ tó le jù sì rèé, ó sábà máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀. FTC ti wá kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ láti ọdún 2009 pé ẹni tó polówó náà lè jẹ̀bi bí ohun tó sọ kò bá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ìdánwò apá títẹ̀ yẹn kò bá Power Balance lọ. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ pọ̀. Novak Djokovic, ìlúmọ̀ọ́ká agbá-tẹ́níìsì, sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé lọ́dún 2010, dókítà kan, Igor Cetojevic, ní kí òun na apá ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́, òun kọjú rẹ̀. Ó wá ní kí òun fi búrẹ́dì funfun lé ikùn, ó tún tẹ apá náà, òun kò lágbára mọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe sọ fún un pé àlìkámà kò bá a lára mu. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì lè jẹ́ lóòótọ́ pé ó sàn fún un láti fi búrẹ́dì sílẹ̀, mi ò mọ ikùn rẹ̀ jù ú lọ. Àmọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá dán apá títẹ̀ yìí wò láìjẹ́ kí ẹni tó ń tẹ̀ mọ ohun tó wà nínú ìgò tí wọ́n ní kí ẹni náà dì mú tàbí lórí ikùn rẹ̀, bí owó ẹyọ ni èsì rẹ̀ ṣe ń rí, orí tàbí ìrù. Ọdún 2011 ni Djokovic wá gba ife ẹ̀yẹ Grand Slam mẹ́ta. Ta ló máa gbọ́ nípa ìgò mọ́? Ní French Open ọdún 2023, wọ́n rí ohun róbótó kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láyà, TaoPatch ni wọ́n ń pè é, ó sì ṣe àwàdà pé òun ni àṣírí òun tó tóbi jù. Ó gba ife náà.

Tom Brady, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football), tiẹ̀ kọjá ibi ìpolówó, ó ti di olówó ọjà. Òun àti olùtọ́jú ara rẹ̀, Alex Guerrero, jọ dá ilé iṣẹ́ ìlera àti ìdárayá TB12 sílẹ̀. Guerrero yìí kan náà ni FTC ti mú tẹ́lẹ̀ lórí ìyẹ̀fun kan, Supreme Greens, tí wọ́n ní ó ń wo jẹjẹrẹ. Ó tún gbé ohun mímu kan jáde, NeuroSafe, tó ní ó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ tí nǹkan bá gbá ènìyàn lórí. Brady jẹ́rìí sí i. FTC wádìí rẹ̀, ọjà náà sì kúrò nílẹ̀.

Olùkọ́ kan bi mí nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó bá fọkàn ọmọ balẹ̀, kí ló burú níbẹ̀?" Tó bá jẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ ni, owó rẹ̀ nìkan ló burú. Tó bá jẹ́ ohun tí ó ń gbé mì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn olùwádìí ní Cologne, ní Jámánì, pẹ̀lú owó ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì, ra àfikún oúnjẹ 634 láti orílẹ̀-èdè 13, wọ́n sì yẹ inú wọn wò. Nínú 94, wọ́n bá sítẹ́rọ́ọ̀dù, ìyẹn oògùn tó ń mú iṣan tóbi tí eré ìdárayá kò gbà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sára agolo. Eléré tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ polówó irú agolo bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀, nítorí ara kì í ka àkọlé. Tí wọ́n bá sì rí i nínú ìtọ̀ rẹ̀, WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn olóró nínú eré ìdárayá, kò ní í bi í léèrè bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀ kó tó pe ohun náà ní ẹ̀ṣẹ̀. Ìjíròrò nípa bí ìjìyà ṣe máa pọ̀ tó ló kù.

Nílé níbí, ẹ máa yí agolo sẹ́yìn. Nọ́ńbà NAFDAC kì í ṣe ohun kan náà lórí gbogbo ọjà. Àwọn oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n kàn kọ orúkọ wọn sínú ìwé gbọ́dọ̀ gbé gbólóhùn kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó túmọ̀ sí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wò. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń tín-ín-rín, àwòrán agbábọ́ọ̀lù a sì gba gbogbo iwájú. Fún ọmọ tó ti ń sáré fún ìpínlẹ̀, àmì Informed Sport tàbí NSF Certified for Sport ni kí ẹ wá. Àmì méjèèjì ń sọ pé wọ́n ti wá èròjà tí eré ìdárayá kò gbà nínú rẹ̀. Bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn kò sí lára ohun tí wọ́n wò.