Àdúrà Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì: Olúwa, Di Ọwọ́ Náà Mú

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. A dúpẹ́ pé a jí. Ọjọ́ Ẹtì ni òní, láti aago mẹ́rin ni oorun ti dá lójú mi. Àwọn ọ̀dọ́ wa ló wà lọ́kàn mi, àwọn tí wọ́n ti ń sọ fún ara wọn láti àná pé, "Ó di alẹ́ ọ̀la o." Mo mọ bí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ṣe máa ń rí. Mo ti wà níbẹ̀ rí.

Ọmọ ọdún 24 ni mí nígbà náà. Mo mutí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan títí ilẹ̀ fi ṣú dáadáa. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Sùn síbí." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ojú mi dá, kò sí ohun tó ṣe mí. Mo mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì. Ibi tí mo rántí mọ nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú ọkọ̀ ni mo bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà ilé, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti lọ, wáyà rẹ̀ nìkan ló ń fì dirodiro. Mo bi ara mi pé, kí ni mo gbá? Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kejì dé, gbogbo ara mi sì di omi: ta ni mo gbá?

Mo fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn padà. Mo ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sọnù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni mo ń wá. Gbogbo àkísà tí mo rí létí ọ̀nà ló dà bí aṣọ ọrùn ènìyàn lójú mi. Nígbà tó yá, mo rí dígí náà nídìí ọ̀pá iná kan, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́, ọ̀dà ọkọ̀ mi sì wà lára ọ̀pá náà. Àwọn ọmọdé mẹ́ta ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀. Èyí tó kéré jù fara ti ọ̀pá, ó ń so okùn bàtà rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." N kò lè dá a lóhùn.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé, "Bí mo bá kú, èmi ni mo kú." Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni.

Òwe 20:1 pe ọtí ní ẹlẹ́yà, ó ní ẹni tí ọtí bá tàn jẹ kò gbọ́n. Ẹ di "tàn jẹ" yẹn mú. Làákàyè tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé ara òun kò dá mọ́ wà lára ohun tí ọtí kọ́kọ́ ń gbà. Ẹsẹ̀ á pẹ́ kó tó dé orí bíréèkì, ẹnu á ṣì máa ní kò sí ohun tó ṣe mí. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kọfí kò lè lé ọtí jáde, omi tútù kò lè lé e. Ẹ̀dọ̀ ló ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ohun tó lè mú un yára. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìjàǹbá ojú ọ̀nà ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ.

Àbúrò mi, bí o bá ti fẹnu kan ọtí, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Sùn síbẹ̀, tàbí kí o pe ẹni tí kò mu. Ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, má kàn sọ pé "sùn síbí" kí o sì máa wò ó bó ṣe ń lọ. Gba kọ́kọ́rọ́ náà. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, mo dúpẹ́ nítorí ọmọ tó kí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Níbikíbi tó bá wà lónìí, bùkún un.

Olúwa, gbogbo ọ̀dọ́ tó máa jáde lálẹ́ òní, àwọn tí mo mọ̀ àti àwọn tí n kò mọ̀, mo kó wọn síwájú Rẹ. Kí ẹsẹ̀ tó gbé wọn jáde gbé wọn wọlé.

Olúwa, fún ẹnì kan láàárín wọn ní ìgboyà láti sọ pé rárá. Má jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wúwo, má jẹ́ kí ojú tì í.

Ìwọ ẹ̀mí tó ń sọ sí wọn létí pé "ilé ò jìnnà," mo bá ọ wí ní orúkọ Jésù! Irọ́ rẹ tó gẹ́ẹ́! Ẹ̀jẹ̀ tí o ti mu lójú títì tó gẹ́ẹ́! O kò ní í fi ọmọ wa jẹun lálẹ́ òní. Kò ní í ṣẹlẹ̀! Kò ní í ṣẹlẹ̀! Kò ní í ṣẹlẹ̀ ní orúkọ Jésù!

Ìpè òru tó ń mú ìyá figbe ta, fóònù tí àjèjì ti ń bèèrè pé "Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i?", kò ní í dún nílé mi, kò ní í dún nílé yín, kò ní í dún nílé ọ̀tá wa pàápàá!

Olúwa, àwọn tí ọtí ti di ọ̀gá lé lórí, tí wọ́n ń búra láàárọ̀ tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ lálẹ́, tú wọn sílẹ̀. Fi ẹni tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ hàn wọ́n.

Olúwa, ẹni tó gbá ènìyàn, tí ẹni náà kò dìde mọ́. N kò mọ bí mo ṣe máa gba àdúrà yìí, nítorí ọ̀pá iná kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti òun. Ṣàánú. Àwọn tó sì sin ọmọ wọn, Bàbá, jókòó tì wọ́n láàárọ̀ yìí.

Ẹni tó máa na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ lálẹ́ òní, tó máa ní ojú òun dá, Olúwa, di ọwọ́ náà mú. Dì í mú títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àmín.