Prẹ́ṣọ̀ epo: ẹ má wọ̀n ọ́n ní sílò nìkan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàbọ̀. Gééjì tí a fi ń wọn prẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo, rèé lọ́wọ́ mi. Ó ti sú mi báyìí o, kí wọ́n máa ra pọ́ǹpù tuntun sí ọkọ̀ tí pọ́ǹpù rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Irú ẹ́ńjìnnì wo lẹ ń bá ṣe ná? Bó bá jẹ́ ti kabúrétọ̀, 4 sí 7 psi (òṣùwọ̀n prẹ́ṣọ̀) ti tó o. Ẹ tì í ní 40, epo á kún dà sílẹ̀ ni. Èyí tó ní nọ́sù tó ń fọ́n epo lójú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, tó tún ní páìpù tó ń dá epo padà sí táǹkì, ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà láàárín 35 sí 45 ní sílò, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ dúró. Èyí tí kò ní páìpù ìdápadà, tí régúlétọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń ṣàkóso prẹ́ṣọ̀) wà nínú táǹkì, sábà máa ń jẹ́ 50 sí 60. Ti ọkọ̀ yín gan-an wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹ ṣí ìwé!

Àwọn tó ń fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà ńkọ́? Pọ́ǹpù méjì ni wọ́n ní. Èyí tó wà nínú táǹkì, gééjì yìí lè wọ̀n ọ́n. Èkejì, tí káàmù ń gbá, lè ti epo kọjá 2,000 psi. Ẹ MÁ FI GÉÉJÌ YÌÍ KÀN ÁN! Ẹ má tú páìpù rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Epo tó bá yọ níbẹ̀ á gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ni kẹ́ ẹ fi kà á.

Bí wọ́n ṣe ń so gééjì mọ́ ẹnu reelì, páìpù tó ń pín epo fún àwọn nọ́sù, ẹ ti mọ̀ ọ́n: àkísà lábẹ́, kò síná nítòsí. Ó tán.

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í rèé. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, gééjì ní 40, ẹ pariwo pé pọ́ǹpù dáa. Ní sílò? Ẹ jọ̀ọ́! Alárù tí ẹ ò tíì gbé ẹrù lé lórí, ṣé kò ní dúró ṣánṣán ni? Pọ́ǹpù tó ti rẹ̀, fílítà tó ti dí, àwọn náà á gbé ìwọ̀nba epo tí sílò ń fẹ́.

Ojú mi rí i rí. Ọkọ̀ kan máa ń kú tó bá ń gun òkè. Mo wọ̀n ọ́n, 40. Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ kọ́ìlì, owó ń lọ, ọkọ̀ ń kú. Nígbà tó yá ni mo fi wáípà há gééjì mọ́ gíláàsì iwájú, níta o, kì í ṣe nínú ọkọ̀, mo bá wà á lọ sórí òkè. 40, 31, 18. Fílítà ni! Ẹ WỌ̀N Ọ́N NÍGBÀ TÍ ẸRÙ WÀ LÓRÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ.

Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi, ẹ wo bó ṣe ń ta jìnnà. Ṣé omi ti pọ̀ sí i ni? Rárá. Prẹ́ṣọ̀ lọ̀tọ̀, ìwọ̀n epo tó ń kọjá lọ̀tọ̀.

Bí régúlétọ̀ bá ní rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ láti máníhóòdù (páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé), ẹ yọ rọ́bà náà ní sílò. Prẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè tó 5 sí 10 psi. Bẹ́ ẹ bá bá epo nínú rọ́bà yẹn, régúlétọ̀ ti ya nínú nìyẹn, ẹ má wọ̀n-ọ́n mọ́.

Ó ku ọ̀kan. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ máa wo gééjì. Tó bá já wálẹ̀ kíá, ẹ tún gbé prẹ́ṣọ̀ sókè, kẹ́ ẹ fún rọ́bà tó ń bọ̀ láti táǹkì pa lójú ẹsẹ̀. Bó bá dúró wàyí, fáàfù inú pọ́ǹpù ló ń jẹ́ kí epo sá padà sí táǹkì. Bó ṣì ń wálẹ̀, ẹ yẹ nọ́sù àti régúlétọ̀ wò.

Ẹ rọra tú gééjì o, epo ṣì wà nínú rẹ̀.