Ẹ Mú Bírò Kí Ẹ Tó Dín Owó Ọjà Kù

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin oníṣòwò. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìpolówó ọjà. Màá débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: ta ni kò tíì dín owó ọjà kù rí nínú wa torí pé ọjà ò yá? (Ẹ̀rín.) Mo mọ̀. Èmi náà ṣe é.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, oṣù kan wà tí iṣẹ́ ò wọlé rárá. Mo bá bu ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò lórí gbogbo owó iṣẹ́. Èrò ya wá. Ẹ̀rọ ò sinmi, àwa náà ò ráyè jẹun, inú mi ń dùn. Oṣù parí, mo fẹ́ ra bébà tuntun, owó ò pé. Mo rò pé wọ́n ti jí mi lówó ni. Mo tiẹ̀ ń fura sí ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Èmi fúnra mi ni mo pín in fún àwọn oníbàárà.

Ẹ mú bírò. Ká ní ẹ ń ta ọjà kan ní 100, tó ti ná yín ní 70 kó tó dórí àtẹ. Èrè yín jẹ́ 30. Ẹ wá dín 10 kù. Ẹni tó tà á fún yín ò dín tiẹ̀ o, nítorí náà èrè di 20. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni oníbàárà rò pé òun gbà; nínú èrè yín, ìdá kan nínú mẹ́ta ló bá a lọ. Bó bá jẹ́ ẹyọ 100 lẹ ń tà lóṣù, ẹ ní láti ta ẹyọ 150 kí ẹ tó padà síbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀. Àádọ́ta tó lé yẹn, ẹ máa rà á, ẹ máa rù ú, ẹ máa dì í, ẹ máa dáhùn ìbéèrè lórí ẹ̀, láìsí kọ́bọ̀ kan lé lórí èrè àtijọ́.

Ẹ yí ìṣirò náà padà. Ẹ tà á ní 110, èrè di 40. Kódà bí oníbàárà 25 nínú 100 bá bínú lọ, 75 tó kù á mú 3,000 wá, iye kan náà tí 100 ń mú wá. N ò ní kí ẹ sáré fowó lé ọjà lọ́la o.

Màmá kan níwájú wá bi mí pé, "Kí la ó wá fi fa ojú oníbàárà mọ́ra?" Mo ní, ẹ fún wọn ní ènì, mà. Ẹni tó ra mẹ́wàá, bí ẹ bá dín 100 kù fún un nínú 1,000, 100 gan-an ló kúrò lápò yín. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan ṣe ènì, 70 tó ná yín ló lọ. Ó sì ṣì mọ̀ pé 100 lowó ọjà yín. Ẹni tó bá ti rà á ní 90 lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí ẹ bá dá a padà sí 100, á ní ẹ ti fowó lé e.

Àwìn ńkọ́? Bí ẹnì kan bá gbé ọjà yẹn lọ tí kò san, ẹ máa ta mẹ́ta míì kí èrè wọn tó dí 70 yẹn. Ní 1494, Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò kan ní Ítálì, ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ìlú Venice níbẹ̀ ṣe ń ṣàkọsílẹ̀: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń kọ ọjà àwìn, lẹ́ẹ̀kan sábẹ́ ọjà, lẹ́ẹ̀kan sábẹ́ orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè. Bí ẹ̀yin bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbà. Ẹ má ṣáà kọ ọ́ sórí nìkan.

Ó ku ìpolówó. Kí ẹ tó náwó lé àjèjì, ẹ ṣí ìwé àwọn tó ti rajà rí: orúkọ, ohun tí wọ́n rà, ọjọ́ tí wọ́n rà á. "Ẹ̀dínwó ńlá, ẹ tètè wá!" kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tí mo máa ń kọ nìyí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Káàdì tí a tẹ̀ fún yín lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn á ti fẹ́ẹ̀ tán. Ṣé ká tẹ òmíràn?" Ẹni tó bá gba irú ẹ̀ mọ̀ pé òun gan-an lẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn: bí ẹni tá a jọ ń ta ọjà kan náà bá dín tiẹ̀ kù ńkọ́? Ẹ bi mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà tí kò bá a lọ pé kí ló dá wọn dúró. Nígbà tí mo bi tèmi, méjì ní torí pé mo máa ń fi ẹyọ kan hàn wọ́n kí n tó tẹ ìyókù ni. Ẹnì kẹta ní ọ̀dọ̀ mi ló sún mọ́ ilé òun. Ti àwọn méjì àkọ́kọ́ ni mo kọ sórí pátákó.