Bí A Ṣe Ń Po Aáyù àti Atalẹ̀ Mọ́ Oúnjẹ Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4 ni iṣẹ́ òní wà fún. Oje kíkan inú ikùn rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó láti pa kòkòrò àrùn tó bá oúnjẹ wọlé, kò sì rí wàrà ìyá rẹ̀ mu mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ gbuuru fi máa ń tètè mú un. Oògùn apakòkòrò àrùn ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ń dà sí oúnjẹ tẹ́lẹ̀ kí ẹran lè tètè dàgbà, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de irú ìlò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006, nítorí kí kòkòrò àrùn má baà di èyí tí oògùn kò ràn mọ́. Aáyù àti atalẹ̀ ni a fẹ́ pò mọ́ oúnjẹ wọn dípò rẹ̀ lónìí.

Ẹ gé aáyù àti atalẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sá wọn sábẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ má ṣe yan aáyù, torí iná ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo atalẹ̀ ọwọ́ mi yìí: bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ sí méjì, ó ti gbẹ nìyẹn. Atalẹ̀ mìíràn yìí ń tẹ̀ bí awọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí a bá lọ̀ ọ́ báyìí, yóò bu, oúnjẹ tó bu sì léwu fún ẹlẹ́dẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti lọ̀ wọ́n tí a sì jọ̀ wọ́n, òṣùwọ̀n kàn. Fún oúnjẹ kílò 10, èmi máa ń lo aáyù gíráàmù 30 àti atalẹ̀ gíráàmù 20. Ẹ kọ́kọ́ pò ó mọ́ oúnjẹ kílò 1 péré, kí ẹ fi èyí po kílò 3, kí ó tó wá kan ìyókù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo da gbogbo rẹ̀ lé oúnjẹ lórí, mo fi ṣọ́bìrì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Apá kan ń ta sánsán, àwọn ẹran sì fi imú tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìdajì ìwọ̀n yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìjálẹ́nu-ọmú, kí òórùn rẹ̀ lè mọ́ wọn lára. Ẹ máa wọn ẹran lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí omi mímọ́ má sì wọ́n wọn. Èyí tí ojú rẹ̀ bá jìn, tó ń yàgbẹ́ bí omi, ti kúrò ní ti aáyù. Ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.