Ooru nìkan kọ́: bí a ṣe ń mú seat fáàfù

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará mi. Àbújá nìyí, oṣù kẹta la wà, ẹ má bi mí ìdí tí mo fi ń làágùn.

Òrùka funfun inú bọ́ọ̀lù fáàfù yẹn, ìyẹn seat, tí bọ́ọ̀lù irin inú fáàfù ń jókòó lé kó má baà jò, ló gbé mi wá. Bí fáàfù ṣe ń ṣí tó ń tì, ẹ ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Tí a bá dé ìsọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo la ń bi ọlọ́jà: "Ooru mélòó ló lè gbà?" Á ní PTFE ni, ìyẹn ike funfun tí wọ́n tún ń pè ní Teflon, 260 dígírì Sẹ́lṣíọ̀sì. Sítíìmù wa, ní prẹ́ṣọ̀ báà 10 lójú géèjì, kò ju 184 lọ. A sanwó, ó parí. Ẹ dúró! Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣubú.

260 yẹn, nígbà tí nǹkan kan ò tẹ PTFE ni. Nínú fáàfù, prẹ́ṣọ̀ ń ti bọ́ọ̀lù lù ú tọ̀sán-tòru. Ẹ wo òrí tó ń wá láti Ìpínlẹ̀ Niger. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi ṣíbí ha á ni. Ẹ wá wò ó lónìí: kò tíì yọ́ o, àmọ́ ìka yín á wọlé wẹ́rẹ́. PTFE náà, ó di 327 kó tó yọ́, ṣùgbọ́n tipẹ́ ló ti ń rọ̀, tó ń sún kúrò láyè rẹ̀.

OORU PẸ̀LÚ PRẸ́ṢỌ̀! Mo tún un sọ: ooru PẸ̀LÚ prẹ́ṣọ̀! Ìlà kan wà nínú ìwé fáàfù tó ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́ wálẹ̀. Ẹ wá ooru yín níbẹ̀, kí ẹ wo prẹ́ṣọ̀ tó kù fún yín.

Èmi náà jìyà ẹ̀ rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ílà kan ní Kàdúná. Nígbà tí a tú fáàfù, seat ti wú jáde bí ètè ẹni tí agbọ́n ta. Ọ̀gá mi ò sọ̀rọ̀. Ó kàn gbé e lé tábìlì mi.

Tí prẹ́ṣọ̀ bá le, ẹ lọ sórí PEEK, ike mìíràn tó le ju PTFE lọ. Fáàfù á ṣòro yí díẹ̀, torí ó le, ásíìdì sọ́fúríkì tó nípọn sì ń jẹ ẹ́.

Rọ́bà tó ń dí ọrùn fáàfù, níbi tí ọ̀pá ìyí ti ń jáde, ńkọ́? Irú méjì la sábà ń rí: EPDM àti Viton. EPDM, sítíìmù ò dí i lọ́wọ́, epo ló ń pa á. Viton gba epo àti ooru gbígbẹ, ṣùgbọ́n sítíìmù ń ba ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jẹ́. Ẹ sì ń rà á torí pé ó wọ́n jù! Ẹ̀yin èèyàn mi, háà.

Tó bá ti ju 260 lọ, ẹ gbàgbé seat oníke. Irin sí irin, kí ẹ fi graphite, nǹkan dúdú inú pẹ́ńsù, dí ọrùn rẹ̀.